Ó Gbàgbé Orúkọ Ara Rẹ̀, Kò Gbàgbé Ìyàwó Oníyàwó!

Lẹ́tà tí ẹ kọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí ìyàwó ti di òkìtì lórí tábìlì mi, mo ti rí gbogbo ẹ̀, mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí kò kan owó orí rárá. Òun ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí mi ò fẹ́ kí ilé onílé tú nítorí sinimá.

Ìyàwó ilé kan ló kọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ àdúgbò wọn. Ìbejì ni wọ́n fi ṣe àkọ́bí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Ìyá Ìbejì. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

"Lálẹ́ Sátidé, èmi àti Bàbá Ìbejì jókòó wo fíìmù òyìnbó kan tó ń jẹ́ The English Patient. Bàálù ọkùnrin kan gbiná lójú ọ̀run, ọkùnrin náà já bọ́, iná jó o kọjá àlà, kò wá rántí orúkọ ara ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe nà sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, obìnrin kan tó ti fẹ́ rí ló ń rò ṣáá. Mo bú sẹ́kún. Bàbá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ìwọ náà gbà á gbọ́? Irọ́ ni bọ̀bọ́ yẹn ń pa! Ta ló ń gbàgbé orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, tó wá ń rántí kòtò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn ìyàwó oníyàwó?' Mo ní wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́. Ó dìjà. Ọjọ́ mẹ́rin la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Akọ̀ròyìn, ẹ bá wa dá a: ṣé ọkùnrin yẹn gbàgbé lóòótọ́ ni, àbí ó ń díbọ́n?"

Mo gbé lẹ́tà yìí lọ bá ọ̀gá wa olóòtú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ìwé ìròyìn Yorùbá là ń ṣe, kí ló kàn wá nínú òyìnbó tó ń jà nítorí obìnrin ní aṣálẹ̀? Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òyìnbó kọ́ ló ń jà o, Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ni." Wọ́n ní ó dáa, kọ ọ́.

Mi ò fẹ́ fi fíìmù nìkan dájọ́, torí ẹni tó gbọ́ tẹnu ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Mo wá ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà kiri títí mo fi rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì. Oṣù kan àbọ̀ ni mo fi kà á. Ìwé mẹ́wàá lèmi kà, mi ò dé yunifásítì, díkíṣọ́nárì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìwé náà le. Òǹkọ̀wé ò sọ ìtàn ẹ̀ gbọọrọ bí a ṣe ń sọ àlọ́. Ó ń fò síwá, ó ń fò sẹ́yìn, bí ẹni tí ìrántí ara ẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Michael Ondaatje lorúkọ òǹkọ̀wé náà. Sri Lanka ni wọ́n bí i sí ní 1943, Kánádà ló fi ṣe ilé. Ọdún 1992 ni ìwé náà jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Booker lọ́dún náà, òun àti ìwé Barry Unsworth ni wọ́n jọ pín in. Ẹ má gbàgbé pé lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, 1991, ọmọ Nàìjíríà tiwa, Ben Okri, ló gba ẹ̀bùn yẹn kan náà. Nígbà tí ẹ̀bùn náà pé àádọ́ta ọdún ní 2018, wọ́n ní kí àwọn òǹkàwé dìbò mú ọ̀kan láàárín márùn-ún tí wọ́n ti ṣà sílẹ̀ nínú gbogbo ìwé tó ti gbà á rí. Ìwé Ondaatje yìí ni wọ́n mú. Ní ti fíìmù, 1996 ló jáde, Anthony Minghella ló darí ẹ̀, ó sì gba Oscar mẹ́sàn-án ní 1997. Kì í ṣe Ìyá Ìbejì nìkan ló sunkún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ìtàn.

Ọdún 1945 ni, ogun Hitler ń parí lọ ní Ítálì. Ilé ńlá àtijọ́ kan wà lórí òkè lápá àríwá ìlú Florence, àwọn ọmọ ogun ti fi ṣe ọsibítù, wọ́n sì ti kó kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò lọ. Hana ni, ọmọ Kánádà, ọmọ ogún ọdún. Aláìsàn kan ṣoṣo ló tìtorí ẹ̀ dúró. Ara ọkùnrin náà ti jó dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, kò sí ojú tí èèyàn ì bá fi dá a mọ̀, kò sí ìwé ìdánimọ̀ kankan lára ẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ni ẹ́, ó ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Ìlú Ọba, ni wọ́n bá ń pè é ní aláìsàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ìwé ti gba orúkọ ẹ̀ nìyẹn.

Àwọn Lárúbáwá darandaran inú aṣálẹ̀ ló yọ ọ́ nínú iná. Wọ́n fi òróró pa á lára, wọ́n di ojú ẹ̀, wọ́n ń gbé e kiri. Lọ́jọ́ kan wọ́n to ìbọn oríṣiríṣi síwájú ẹ̀, ìbọn Jámánì, ti Ítálì, ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láìrí wọn, ó sì sọ irú ọta tó wọ inú ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó o! Ẹni tí kò mọ orúkọ ara ẹ̀ mọ orúkọ ìbọn. Ó mọ orúkọ ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ ní aṣálẹ̀, ó mọ ibi tí kànga wà. Ìwé kan ṣoṣo ló bá a jáde nínú iná, ìwé ìtàn tí Herodotus ará Gíríìsì kọ láti ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ó ti lẹ bébà tirẹ̀ mọ́ àárín ẹ̀, ó ti kọ nǹkan sí etí ẹ̀ káàkiri.

Ibí yìí gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo tọ dókítà kan lọ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ẹni tó bá fi orí gbá nǹkan sábà máa ń gbàgbé bí ìjàǹbá náà ṣe ṣẹlẹ̀, àti nǹkan díẹ̀ ṣáájú ẹ̀ tàbí lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn gbàgbé orúkọ ara ẹ̀ pátápátá, tí ọpọlọ ẹ̀ ṣì pé lórí gbogbo nǹkan yòókù, ó ṣọ̀wọ́n, ìpayà ọkàn ló sì sábà máa ń fà á ju kí orí gbá nǹkan lọ. Mo rántí bùọ̀dá kan ládùúgbò wa tí ọ̀kadà gbé ṣubú. Títí dòní kò mọ bó ṣe ṣubú, kò mọ ohun tó jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe lajú ní ọsibítù, orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ló kọ́kọ́ kà.

Bàbá Ìbejì, ẹ dúró ná, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Nínú ìwé náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Caravaggio náà fura. Olè ni kí ogun tó dé, ogun ló sọ ọ́ di amí, àwọn Jámánì sì mú un, wọ́n gé àtàǹpàkò ẹ̀ méjèèjì. Ó wá sílé orí òkè yẹn nítorí Hana, ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀ ni. Nígbà tó rí aláìsàn yìí, ó ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni, ó ní Almásy ni, ọmọ Hungary tó bá Jámánì ṣiṣẹ́ ní aṣálẹ̀. Ó wá ń fún un ní mọfíìnì, oògùn tó ń pa ìrora tó sì ń tú ahọ́n, ó ń bi í léèrè. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà mìíràn kì í sọ pé "èmi." Á ní Almásy ṣe báyìí, Almásy lọ síbí, bí ẹni pé aládùúgbò ẹ̀ ló ń sọ.

Ohun tó rò nìyí. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun, àwọn òyìnbó kan ń yẹ aṣálẹ̀ Líbíà wò, wọ́n ń ya àwòrán ilẹ̀, wọ́n ń wá ìlú kan tó ti sọnù. Almásy wà nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin olówó kan wá bá wọn, Geoffrey Clifton, òun fúnra ẹ̀ ló wa bàálù ẹ̀ wá, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sì wà nínú ẹ̀. Katharine lorúkọ ìyàwó náà. Ọkọ ò yé yin ìyàwó ẹ̀. Ó rẹwà, ó gbọ́n, ẹ ẹ̀ rí i ni?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n yí iná ká, Katharine wá pa ìtàn kan látinú ìwé Herodotus. Ọba kan wà tó ń jẹ́ Candaules, ó fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀ débi pé ó fẹ́ kí ẹlòmíì mọ bó ṣe rẹwà tó. Ó fi Gyges, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀, pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó lè wo olorì níhòòhò. Olorì rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó pe Gyges, ó ní ọ̀kan nínú méjì: pa ọba kí o fẹ́ mi, tàbí kí wọ́n pa ìwọ. Gyges pa ọba. Bí Katharine ṣe ń sọ ìtàn yẹn, níbẹ̀ ni ìfẹ́ ẹ̀ ti wọ Almásy lára. Èmi ò tíì gbéyàwó o, ṣùgbọ́n mo kọ́gbọ́n níbẹ̀: ọkọ tó ń polówó ìyàwó ẹ̀ lọ́jà, kó má bínú bí oníbàárà bá dé.

Wọ́n fẹ́ra ní bòókẹ́lẹ́ ní Cairo. Mi ò ní sọ ti inú yàrá, bàbá mi ń ka ìwé ìròyìn yìí. Katharine ló fòpin sí i, ó ní ọkọ òun á ya wèrè tó bá gbọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn mí jù: ìfẹ́ náà ti parí kí ọkọ tó mọ̀. Ní 1939, ogun ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, Almásy ń dúró de Clifton láàárín aṣálẹ̀ kó wá fi bàálù gbé òun. Clifton dé lóòótọ́, ìyàwó ẹ̀ jókòó tì í. Dípò kó balẹ̀, ó dorí bàálù kọ Almásy, ó fẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú pa pọ̀. Òun nìkan ló kú. Almásy yè, Katharine ṣèṣe gan-an, kò lè rìn.

Almásy gbé e lọ sínú ihò àpáta kan tí wọ́n ti ya àwòrán àwọn òmùwẹ̀ sára ògiri ẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí omi ṣì wà nílẹ̀ yẹn. Ihò yìí wà lóòótọ́ o, ní Gilf Kebir, lórílẹ̀-èdè Íjíbítì. Ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó ṣèlérí fún un pé òun ń bọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn la aṣálẹ̀ kọjá lọ wá ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Wọn ò fún un lọ́kọ̀. Ogun ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan yọ látinú iyanrìn, irùngbọ̀n gùn, orúkọ ẹ̀ kì í ṣe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní amí ni. Wọ́n mú un. Ó ń pariwo orúkọ Katharine, ó ń pariwo orúkọ ibi tó wà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ̀yìn ọdún díẹ̀ ni Caravaggio tó sọ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn pé iṣẹ́ amí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Geoffrey Clifton ń fi bàálù ẹ̀ ṣe. Ká ní orúkọ Clifton ló jù sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ogun yẹn, ọkọ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ ọkọ tó dalẹ̀ ẹ̀ ni ì bá gba ìyàwó náà là. Kò pè é. Bóyá ojú ló tì í, bóyá ìfẹ́ ni kò jẹ́ kó rántí pé obìnrin yẹn ní ọkọ, òǹkọ̀wé ò là á fún wa. Èmi rò pé ìfẹ́ ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kó burú.

Bí ọdún mẹ́ta kọjá kó tó rọ́nà padà. Òkú ló bá. Ó wú bàálù àtijọ́ kan tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti bò mọ́ iyanrìn, ó gbé òkú náà sínú ẹ̀, ó gbéra. Epo ń jò, bàálù gbiná lójú ọ̀run. Bó ṣe di ẹni tí àwọn Lárúbáwá yẹn rí nìyẹn.

Nítorí náà Bàbá Ìbejì, ẹ gbà á: ọkùnrin náà ń díbọ́n. Lójú tèmi, kò gbàgbé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń fi pamọ́. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Orúkọ tirẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n pè é ní amí, òun ló jẹ́ kí obìnrin kú sínú òkùnkùn. Bí iná wá ti jó ojú ẹ̀ lọ tán, kí ló kù tó ń dúró de orúkọ yẹn? Ó sọ ọ́ nù sí aṣálẹ̀. Emi náà ì bá sọ ọ́ nù.

Ibì kan wà nínú ìwé tí fíìmù ò fi hàn yín. Ọmọ Íńdíà kan wà nílé yẹn, Kip, ẹlẹ́sìn Sikh, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tú bọ́ǹbù palẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti Hana ń fẹ́ra. Ní oṣù kẹjọ 1945, ó gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Japan. Ó gbé ìbọn, ó wọlé tọ aláìsàn náà lọ, ó na ìbọn sí i, torí pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè é. Caravaggio ní, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ nìyí! Kip ní òun ò kọ orílẹ̀-èdè tó ti wá, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ bọ́ǹbù lu àwọn aláwọ̀ pupa-rúsúrúsú, Gẹ̀ẹ́sì ni lójú òun. Kò yìnbọn. Ó gun alùpùpù, ó lọ, ó fi Hana sílẹ̀. Ẹ rí i bí? Nígbà àkọ́kọ́, nítorí pé orúkọ ẹ̀ kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi mú un. Nígbà kejì, nítorí pé wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ fi pa á. Ká ní mo ṣe fíìmù yẹn ni, mi ò ní yọ ibẹ̀ kúrò láé.

Kí ẹnikẹ́ni má wá bú mi lọ́la, ẹ jẹ́ n sọ èyí pẹ̀lú. Almásy gbé ayé rí. László Almásy, 1895 ni wọ́n bí i, ó wa bàálù nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó mọ aṣálẹ̀ yẹn bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá ẹ̀, òun náà ló rí ihò àwọn òmùwẹ̀ ní 1933. Ní 1942, ó kó amí Jámánì méjì la aṣálẹ̀ kọjá wọ Íjíbítì. Iná ò jó o, kò gbàgbé orúkọ ẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa á ní ìlú Salzburg ní 1951. Àwọn tó kọ ìtàn ayé ẹ̀ sì sọ pé ọkùnrin ló ń fẹ́, kì í ṣe obìnrin. Tọkọtaya kan sì wà lóòótọ́ tó jọ àwọn Clifton: Sir Robert Clayton East Clayton bá Almásy rin aṣálẹ̀ ní 1932, àìsàn pa á lọ́dún náà, ìyàwó ẹ̀ Dorothy, tí òun fúnra ẹ̀ mọ bàálù wà, padà lọ sí aṣálẹ̀ yẹn láti parí iṣẹ́ ọkọ ẹ̀, ìjàǹbá bàálù ló sì pa á ní 1933 ní Brooklands nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ondaatje ò purọ́ fún wa, ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé àròsọ ni. Síbẹ̀, àwọn kan bínú nígbà tí fíìmù dé, wọ́n ní ẹni tó bá Hitler ṣiṣẹ́ ni wọ́n sọ di olólùfẹ́ tí gbogbo ayé ń sunkún fún. Ìbínú wọn yé mi. Èmi náà sunkún, ẹ̀yìn ẹkún ni mo wá rántí béèrè pé ta ni mo ń sunkún fún gan-an.

Àyè mi ti ń tán lọ. Ṣùgbọ́n mo fi ìlà kan pamọ́ nínú lẹ́tà Ìyá Ìbejì. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi bírò mìíràn kọ ọ́, bí ẹni pé wọ́n ti fẹ́ dí àpòòwé kí wọ́n tó tún ṣí i. Wọ́n ní: "Kì í ṣe iná ló pa mí lẹ́kún. Bó ṣe ń pariwo orúkọ obìnrin yẹn níwájú àwọn sójà ni. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ìbejì, ó di ọdún mọ́kànlá, Bàbá Ìbejì ò pe orúkọ mi rí. Mo mọ̀ pé àpọ́nlé ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, mo máa ń rò ó pé ṣé wọ́n ṣì rántí rẹ̀."

Wọ́n wá kọ orúkọ náà síbẹ̀, orúkọ àbísọ àti oríkì. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ síbí. Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yín ni mí, ẹ má bínú sí mi. Tí ẹ bá ka ibi tí mo dé yìí, ẹ fi ìwé ìròyìn sílẹ̀ díẹ̀, inú ilé ìdáná ni wọ́n á wà nísinsìnyí.